Àwọ̀ Àsíá Lójú Mọ́tò Mathias

Ẹ̀yin tí ẹ ti wọ mọ́tò rí ní garáàjì Pobè, ẹ mọ bí òwúrọ̀ wa ṣe máa ń rí. Ìyá kan á máa bínú pé wọ́n gbé àgò adìyẹ lé òun lẹ́sẹ̀. Bàbá kan á ní òun ló kọ́kọ́ dé, òun ni yóò jókòó níwájú. Awakọ̀ á máa ké pé, "Sakété, ó ku ẹnì kan!" bẹ́ẹ̀ ẹni mẹ́rin ló kù.

Èmi ni awakọ̀ tó ń ké yẹn. Basile ni orúkọ mi. Ẹgbẹ́ àwa awakọ̀ Pobè òun Sakété ló ní kí n sọ ìtàn yìí fún yín. Wọ́n ní èmi ni kí n sọ ọ́ nítorí pé èmi ni orí mi le jù nínú gbogbo wọn, ẹni tó bá sì jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Mi ò bá wọn jiyàn. Òótọ́ ni.

Lọ́dún tó kọjá, 1961, ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹjọ, ó pé ọdún kan tí Dàhòmì wa gba òmìnira. Gbogbo Pobè ló jáde. Àwọn ọmọ ilé ìwé tò, àwọn àgbẹ̀ abúlé Ahoyéyé wọ aṣọ tuntun, wọ́n ta àsíá sí ẹnu ọ̀nà gbogbo ọ́fíìsì. Àwa awakọ̀ náà ní a ó to mọ́tò wa, a ó sì wà á gba àárín ìlú kọjá.

Ẹ̀ka igi ọ̀pẹ ni gbogbo wa so mọ́ mọ́tò. Mathias nìkan ló ronú ohun mìíràn. Ojúgbà mi ni Mathias, ọmọ Pobè, ó ń wa mọ́tò Pijó tirẹ̀ láti Pobè sí Sakété. Kò sí ẹni tó fẹ́ràn mọ́tò bíi tirẹ̀. Bí eruku bá bà á, á nù ún. Bí eruku ò bà á, á tún nù ún.

Ó ra ọ̀dà mẹ́ta, ó sì kun àwọ̀ àsíá ilẹ̀ wa sójú iná mọ́tò rẹ̀. Iná iwájú mọ́tò wa máa ń ní àwọ̀ ìyeyè, bí àwọn Faransé ṣe gbé e wá. Mathias kun ti ọwọ́ òsì ní àwọ̀ ewé, ó kun ti ọwọ́ ọ̀tún ní pupa. Iná ẹ̀yìn méjèèjì tó yẹ kó pupa, ó fi àwọ̀ ìyeyè kùn wọ́n. Ó tan gbogbo rẹ̀ ní ọ̀sán gangan, ó ń rọra wa mọ́tò bọ̀.

Hà, ẹ̀yin èèyàn mi, ìlú dìde! Àwọn obìnrin ń ju ìborùn sókè. Àgbàlagbà kan di ilẹ̀kùn mọ́tò náà mú, ó ń sunkún ayọ̀. Mathias yọ orí lójú fèrèsé, ó ní, "Basile, o rí i bí wọ́n ṣe ń ṣe?"

Mo rí i. Ìlara sì gbé mi mì. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, mo ti kun tèmi, mo tún fi ọ̀dà funfun ya ìràwọ̀ sí àárín iná kọ̀ọ̀kan. Léon kun tirẹ̀. Àwọn mẹ́ta mìíràn kun tiwọn. Mọ́tò mẹ́fà ló wá di aláwọ̀ àsíá ní garáàjì wa.

Ẹgbẹ́ wá tún kéde pé àjọ̀dún awakọ̀ yóò wáyé ní Sakété ní ọjọ́ Àìkú kejì oṣù kẹsàn-án. Wọ́n ní mọ́tò tó bá rẹwà jù ni yóò ṣáájú gbogbo mọ́tò ẹgbẹ́ lọ sí Àjàṣẹ́, olú ìlú wa. Gbogbo wa mọ̀ pé ti Mathias ni. Òun náà mọ̀. Ó ti ń wá bàtà tí yóò wọ̀ lọ.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò bá wa yọ̀. Bàbá Fálúyì ni, àgbà tó ń tún mọ́tò ṣe ní ibùdó ìwádìí igi ọ̀pẹ tó wà ní Pobè. Ó yí mọ́tò Mathias po lẹ́ẹ̀mejì, ó dúró níwájú rẹ̀.

"Mathias, ha ọ̀dà yìí kúrò."

"Bàbá, ẹ ṣe é jẹ́jẹ́. Àsíá ilẹ̀ wa ni. Ṣé ẹ fẹ́ kí n fi abẹ́ ha àsíá ni?"

A rẹ́rìn-ín. Bàbá Fálúyì kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Orí òpó ni wọ́n ń ta àsíá sí, ọmọ mi. Kì í ṣe ojú. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí, ìwọ ti fi ọ̀dà di tìrẹ."

"Ẹ ti dàgbà ni, Bàbá. Ẹ ò mọ ohun tó lòde."

Ó wò ó títí, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Èmi ni mo sọ pé àgbà náà ń jowú. Ẹ forí jì mí.

Kò pé ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn náà, ní òwúrọ̀ kùtù tí ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa, Mathias padà dé garáàjì láìgbé èrò kankan. Àbúrò rẹ̀, Innocent, ló jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àgbẹ̀ ni Innocent, ó ń gbé ní Ahoyéyé, ó sì máa ń fi kẹ̀kẹ́ gbé epo pupa wá sí ọjà Pobè. Apá rẹ̀ ti bó láti ìgúnpá dé ọwọ́. Epo pupa bò ó láti orí dé ẹsẹ̀, débi pé a kọ́kọ́ rò pé ẹ̀jẹ̀ ni gbogbo rẹ̀.

"Ta ló gbá ọ?" ni mo bi í.

"Wọn ò gbá mi. Mo fò sínú kòtò ni."

"Kí ló dé tó o fi fò?"

Innocent wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó wo ilẹ̀. "Iná pupa kan ni mo rí níwájú nínú kùrukùru. Mo ní mọ́tò kan ló ń lọ ṣáájú mi, nítorí iná ẹ̀yìn ló máa ń pupa. Mo wá sí àárín títì, mo ní kí n máa tẹ̀lé e, kí n lè mọ ojú ọ̀nà. Àṣé mọ́tò náà ń bọ̀ wá bá mi ni. Ìgbà tó kù díẹ̀ kó dé ọ̀dọ̀ mi ni mo tó mọ̀."

"Iná ọ̀tún mọ́tò mi ni," ni Mathias wí. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Èmi ò sì rí i. Kẹ̀kẹ́ ni mo gbọ́ tó dún lábẹ́ táyà."

Kẹ̀kẹ́ náà wà lẹ́yìn mọ́tò. Kò tún jọ kẹ̀kẹ́ mọ́.

Ẹ ò rò pé ìyẹn tó láti kọ́ wa lọ́gbọ́n? Kò tó. Mathias ní kùrukùru ló fà á. Èmi náà ní kùrukùru ni. Ènìyàn kì í fẹ́ kí ohun tó wù ú jẹ̀bi.

Nígbà tí Bàbá Fálúyì gbọ́, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó wá sí garáàjì ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó gbé mọ́tò akẹ́rù kékeré kan tó ń tún ṣe lọ́wọ́ wá. Ó ní kí gbogbo wa tẹ̀lé òun lọ sójú títì tó tẹ́ pẹrẹsẹ lẹ́yìn ìlú. Oòrùn ti wọ̀, ilẹ̀ ń ṣú lọ.

"Innocent, o lè rìn?"

"Mo lè rìn, Bàbá."

"Wọ aṣọ aró tó o máa ń wọ̀ lọ sóko. Dúró síwájú mọ́tò ẹ̀gbọ́n rẹ, kó o sì máa fi ẹ̀yìn rìn lọ. Mathias, jókòó sínú mọ́tò rẹ, tan iná. Ìgbà tó ò bá rí i mọ́, kó o sọ."

Innocent bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Bàbá Fálúyì ń ka ìṣísẹ̀. Ó ka mẹ́wàá, ó ka mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ní mẹ́tàdínlógún, Mathias ní, "Mi ò rí i mọ́."

"Jáde níbẹ̀. Bọ́ sínú mọ́tò tèmi." Iná mọ́tò akẹ́rù náà kò ní ọ̀dà kankan lójú. Innocent tún bẹ̀rẹ̀. Ó ka ogún, ó ka ogójì, ó ka ọgọ́ta. Ohùn àgbà náà ti fẹ́ há. Ní ọgọ́rin ni Mathias tó sọ pé òun kò rí i mọ́. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín nínú wa.

"Ó ku ẹyọ kan," ni Bàbá Fálúyì wí. Ó ní kí Innocent kúrò lójú títì. Ó fi ẹsẹ̀ fa ìlà sílẹ̀. "Mathias, padà sínú mọ́tò rẹ. Wà á bó o ṣe máa ń wà á lójoojúmọ́. Bí o bá dé ojú ìlà yìí, tẹ ìjánu pátápátá."

Mathias wà á, ó dé ojú ìlà, ó tẹ ìjánu. Táyà ké, mọ́tò dúró. Bàbá Fálúyì fẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n láti ojú ìlà dé ibi tó dúró sí. Ọgbọ̀n ìṣísẹ̀ ni.

Ó wá sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé mọ́tò, ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. "Ìṣísẹ̀ mẹ́tàdínlógún ni ọ̀dà rẹ jẹ́ kó o rí. Ọgbọ̀n ni mọ́tò rẹ máa ń rìn kó tó dúró. Ó ku mẹ́tàlá tó ò lè rí nǹkan kan ṣe sí. Ta ló dúró sí àárín mẹ́tàlá yẹn?"

Mathias yíjú sí Innocent. A rò pé inú ń bí i. Ó ní, "Àbúrò mi ni."

"Àbúrò rẹ ni. Lọ́la, ó lè jẹ́ ìyá ẹlòmíràn. Ẹ gbọ́ o, gbogbo yín. Iná iwájú ń sọ pé, 'Mò ń bọ̀ o, ẹ yà.' Iná pupa ẹ̀yìn ń sọ pé, 'Mo wà níbí, má wá gbá mi.' Gbogbo ẹni tó ń rìn lójú títì ló gbọ́ èdè yẹn, ì báà má mọ̀wé. Ẹni tó bá yí i padà ti purọ́ fún ará ọ̀nà. Mi ò bá àsíá jà. Mo fẹ́ràn òmìnira yìí jù yín lọ, nítorí èmi mọ bí ó ṣe rí kó tó dé. Ẹ kun ilẹ̀kùn. Ẹ kun òrùlé. Ẹ fi ojú sílẹ̀."

Mathias na ọwọ́ jáde. "Ẹ fún mi ní abẹ́, Bàbá."

Ó ha iná rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, ó fi epo àtùpà nù wọ́n. Bàbá Fálúyì àti Innocent bá a tan fìtílà. Ó wá sọ fún àwa yòókù pé, "Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ọ̀dọ̀ mi lẹ ti kọ́ ọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ èyí náà."

Kí lẹ rò pé a ṣe? A forí korí lẹ́yìn rẹ̀. Mo ní, "Ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ni. Ó fẹ́ kí a ha tiwa, kó lè tún tirẹ̀ kùn láàárọ̀ ọjọ́ àjọ̀dún, kó dá nìkan rẹwà ní Sakété." Léon ní òun náà ti fura. Àwa olórí kunkun márùn-ún kò ha nǹkan kan. Ìyàwó mi, Sẹ̀gilọlá, ní, "Basile, ìwọ náà kúkú wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ka ìṣísẹ̀." Mo ní kó jẹ́ kí n jẹun.

Ọjọ́ Àìkú náà pé. Òjò ti rọ̀ di ìdájí, ó sì fi kùrukùru sílẹ̀, ó bo ilẹ̀ bí òwú. Mọ́tò mẹ́fà ni wá, ogójì èrò ló wà nínú wọn. Èyí tó pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ ìjọ aláṣọ funfun, ìjọ tó bẹ̀rẹ̀ láti Àjàṣẹ́. Wọ́n fẹ́ lọ bá àwọn ará wọn jọ́sìn ní Sakété, kí wọ́n tó wá wo àjọ̀dún wa. Mọ́tò tèmi ni Ìyá Àbẹ̀ní, aṣáájú àwọn akọrin wọn, wọ̀. Sẹ̀gilọlá náà wà níbẹ̀, ó pọn ọmọ wa obìnrin tó pé oṣù mẹ́rin.

Mathias kò tún iná rẹ̀ kùn. Àsíá wà lára ilẹ̀kùn rẹ̀ méjèèjì, ó dán, ó sì gún. Ojú tì mí díẹ̀, ṣùgbọ́n mo ní èmi ni n ó ṣáájú. Mo fẹ́ kí Sakété kọ́kọ́ rí ìràwọ̀ mi.

A kò tíì rìn jìnnà tí Sẹ̀gilọlá fi ní, "Ṣé ò ń rí ọ̀nà?"

"Mò ń rí i."

"Irọ́ lò ń pa. Koríko la ń gùn."

Òótọ́ ni. Táyà ọ̀tún ti kúrò lójú títì. Mo dúró. Mathias kọjá síwájú mi, ó yọ orí, kò fi mí ṣẹ̀sín. Ó ní, "Ẹ tẹ̀lé mi jẹ́jẹ́. Ẹ máa wo iná pupa ẹ̀yìn mi. Bí ẹ bá rí i pé ó ràn gan-an, mo ti tẹ ìjánu nìyẹn, kí ẹ tẹ tiyín."

Bí a ṣe ń lọ nìyẹn, ó ń ríran fún wa, àwa afọ́jú márùn-ún ń tẹ̀lé e. Iná rẹ̀ ń la kùrukùru níwájú. Èmi tí mo fẹ́ gba ipò iwájú lọ́wọ́ rẹ̀, iná ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo dì mọ́ bí ọmọ ṣe ń di aṣọ ìyá rẹ̀ mú.

Nígbà tí a dé apá abúlé Yoko, iná pupa náà ràn lójijì. Mo fi gbogbo ẹsẹ̀ tẹ ìjánu. Mọ́tò mi dúró, ó ku bí apá méjì kí n kan Mathias. Lẹ́yìn mi, mo gbọ́ tí ẹnì kan fọn fèrè mọ́tò kíkankíkan, lẹ́yìn náà mo gbọ́ tí mọ́tò kan já wọ inú oko ẹ̀gẹ́.

A bọ́ sílẹ̀. Mathias dúró níwájú mọ́tò rẹ̀, ó fi ìka tọ́ka. Afárá onípákó tó wà níbẹ̀, odò ti gbé ìdajì rẹ̀ lọ. Omi ń hó nísàlẹ̀. Láti táyà Mathias dé ibi tí ilẹ̀ ti gé, mo fẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n: ìṣísẹ̀ méjìlá.

Ìyá Àbẹ̀ní dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó wo omi, ó wo ojú mọ́tò mi. "Basile, bí ó bá jẹ́ pé ìwọ ló ṣáájú ńkọ́?"

Mo wo ẹ̀yìn Sẹ̀gilọlá. Ọmọ mi ń sùn, kò mọ nǹkan kan. Mo jókòó sílẹ̀ nínú ẹrọ̀fọ̀.

Léon jáde láti inú oko ẹ̀gẹ́, ewé kún orí rẹ̀. Kò sí ẹni tó fara pa nínú èrò rẹ̀. Ó ń bínú sí mi, ó ní, "Iná ìyeyè tó jọ ti iwájú ló ràn lójijì lẹ́yìn rẹ. Mo rò pé mọ́tò kan ló ń bọ̀ wá kọ lù mí, ni mo bá yà." Bó ti sọ ọ́ tán, ó bojú wo iná ẹ̀yìn tirẹ̀. Àwọ̀ ìyeyè kan náà ni.

Ìyá Àbẹ̀ní sọ ọ́ gbangba pé, "Ẹsẹ̀ mi kò ní wọ mọ́tò tí kò ríran. Ẹ ha wọ́n."

Kò sí èrò kan tó wọ mọ́tò mọ́. Àwa márùn-ún kúnlẹ̀ níwájú mọ́tò wa bí ẹni ń tọrọ gáfárà. Mathias ní abẹ́, ó pín in fún wa. Mo ha ìràwọ̀ mi dànù, mo ha àwọ̀ ewé, mo ha pupa. Àwọn akọrin bẹ̀rẹ̀ orin ọpẹ́, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún wa. Àwọn ará Yoko gbọ́ orin nínú kùrukùru, wọ́n sáré wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n gé igi ọ̀pẹ, wọ́n gbé e dí ibi tí afárá ti gé. Ọ̀kọ̀ọ̀kan la gbà kọjá. Bí mọ́tò kan bá ti bọ́ sí òdìkejì, gbogbo ènìyàn á hó yèè.

A wọ Sakété pẹ̀lú iná tó ràn dáadáa ní mọ́tò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ẹrọ̀fọ̀ dé òrùlé wa. Àsíá ilẹ̀kùn Mathias kò hàn mọ́ rárá. Àwọn mọ́tò Sakété ń dán lọ́tùn-ún lósì, wọ́n so òdòdó mọ́ wọn. Màdáàmù Huguette, olùkọ́ kan ní Sakété, ni olórí àwọn mẹ́ta tó máa yan mọ́tò tó rẹwà jù. Ó mú ìwé lọ́wọ́, ó wò wá láti òkè dé ilẹ̀.

"Gbogbo ènìyàn ló ń sọ fún mi pé mọ́tò Pobè ni kí n wá wò. Ọ̀ṣọ́ yín dà?"

Mathias ń wo bàtà tuntun rẹ̀ nínú ẹrọ̀fọ̀.

Ìyá Àbẹ̀ní ló bọ́ síwájú. "Màdáàmù, ẹ bá mi ka èrò tó wọ mọ́tò wọ̀nyí wá."

Màdáàmù Huguette rò pé eré ni, ṣùgbọ́n ó kà wọ́n. Ó ka àwọn aláṣọ funfun, ó ka àgbàlagbà, ó ka ọmọ ẹ̀yìn Sẹ̀gilọlá. "Ogójì ni yín."

"Ogójì la kúrò ní Pobè láàárọ̀ yìí," ni Ìyá Àbẹ̀ní wí. "Ọ̀ṣọ́ tí wọ́n gbé wá nìyẹn."

Ó wá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní afárá. Nígbà tó sọ ọ́ tán, ariwo tó gba pápá náà kò ṣeé fẹnu sọ. Wọ́n gbé Mathias sọ́rùn. Wọ́n fẹ́ gbé èmi náà, mo ní kí wọ́n gbé mi sílẹ̀, mo mọ ohun tí mo ṣe. Mathias ló ṣáájú wa lọ sí Àjàṣẹ́, ó sì tan iná iwájú rẹ̀ ní ọ̀sán, kí gbogbo ayé lè rí i pé ó mọ́.

Ẹ̀yin awakọ̀ ẹgbẹ́ wa, ẹ̀yin tí ẹ ní mọ́tò nílé, ẹ̀yin tí ẹ ń gun alùpùpù náà, mo ti sọ tèmi. Ẹ má kun iná, ẹ má fi aṣọ bò ó, ẹ má fi dígí aláwọ̀ dí i nítorí ẹwà. Pupa kì í gbé iwájú, ẹ̀yìn ni ibùgbé rẹ̀. Ẹ fi omi nu iná yín kí ẹ tó jáde, pàápàá lẹ́yìn òjò. Bí iná kan bá kú, ẹ má sọ pé ó ku ọ̀kan, ẹ tún un ṣe kí ẹ tó gbé èrò. Bí ẹ bá sì fẹ́ ṣe ohun tuntun sí i, ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó mọ iṣẹ́ mọ́tò, kí ẹ jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin èrò, ọwọ́ yín ni agbára wà. Bí ẹ bá rí mọ́tò tí ojú rẹ̀ dí, ẹ má wọ̀ ọ́, ì báà jẹ́ ọkọ yín ni awakọ̀ náà. Ọjọ́ tí Sẹ̀gilọlá gbọ́ pé mo fẹ́ sọ ìtàn yìí, ó ní kí n fi ìyẹn kún un.